Ohun tó dá ọkà ìbílẹ̀ padà sínú ìkòkò ní Sìmbábúè nígbà àrùn Kòrónà

Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn bá gbòde, tí egbòogi rẹ̀ kò sì tíì sí, oúnjẹ wà lára ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń tún yẹ̀ wò, nítorí pé ìkáwọ́ wọn ni ó wà. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní Sìmbábúè ní ọdún 2020, nígbà tí àwọn ìdílé kan tún padà sí ọkà ìbílẹ̀ mẹ́ta tí àgbàdo ti gba ipò wọn: ọkà bàbà, tí àwọn ẹ̀yà Shona ń pè ní mapfunde, jéró, tí wọ́n ń pè ní mhunga, àti zviyo, ìyẹn oríṣi jéró kan tí ṣírí rẹ̀ pín bí ìka ọwọ́.

Láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àgbàdo ti wá, àwọn Potogí ni wọ́n sì gbé e wọ gúúsù Áfíríkà. Nígbà tí ó yá, ìjọba amúnisìn fi òfin ọjà gbé àgbàdo funfun ga, títí ìyẹ̀fun rẹ̀ fi di èyí tí wọ́n fi ń ro sadza, òkèlè tí wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́, tí ọkà ìbílẹ̀ sì di ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ìgboro kà sí oúnjẹ ará oko àti èlò ọtí.

Ìbẹ̀rù àìsàn ni ìdí kìíní tí wọ́n fi padà sí i. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún 2020 ni wọ́n kéde aláìsàn Kòrónà àkọ́kọ́ ní Sìmbábúè, kò sì tíì pẹ́ tí àwọn dókítà ilé ìwòsàn ìjọba parí ìyanṣẹ́lódì olóṣù mélòó kan. Àwọn ènìyàn tún gbọ́ pé àrùn náà máa ń le jù lára àwọn tí ó ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n ti bó èèpo rẹ̀ kúrò máa ń tètè di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ọkà ìbílẹ̀ tí a lọ̀ tèèpotèèpo kì í tètè dà nínú. Gíráàmù 100 zviyo sì ní ju mílígíráàmù 300 kálísíọ̀mù lọ, èròjà tí ń mú eegun le. Ọkà kankan kò wo Kòrónà sàn, ṣùgbọ́n ara tí ó jẹun ire gbára dì ju èyí tí kò jẹ ẹ́ lọ.

Ìdí kejì ni àìrí àgbàdo rà. Ọ̀dá àti ìjì líle Idai ti ba irè oko jẹ́ ní ọdún 2019. Òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020. Nígbà tí ó sì fi máa di àárín ọdún náà, iye owó ọjà ti lé ní ìlọ́po méje ti ọdún tí ó ṣáájú. Àwọn ọkà ìbílẹ̀ fara da ọ̀dá ju àgbàdo lọ, zviyo sì lè wà nínú àká fún ọdún púpọ̀ láìjẹ́ pé kòkòrò bà á jẹ́.

Ìdí kẹta ni ìmọ̀ àwọn àgbà, nítorí pé ẹni tí kò mọ ọkà í sè kò ní rà á. Àwọn ìyá àgbà ni wọ́n mọ bí a ti ń pa zviyo lórí àpáta pẹlẹbẹ, bí a ti ń fẹ́ ìyàngbò rẹ̀ dànù, àti bí a ti ń fi ìyẹ̀fun díẹ̀ se ẹ̀kọ ṣíṣàn, kí a jẹ́ kí ó hó dáadáa, kí a tó máa da ìyókù sí i, kí a sì fi orógùn rò ó títí yóò fi le, tí àwọ̀ rẹ̀ yóò sì dúdú rẹ́súrẹ́sú.

Iṣẹ́ àṣekára tí ó wà nínú pípa àti gígún ọkà yìí, tí ó sì pọ̀ jù lọ́rùn àwọn obìnrin, pẹ̀lú àwọn ẹyẹ tí ń ya bo oko, wà lára ohun tí ó mú kí àwọn àgbẹ̀ sá fún un tẹ́lẹ̀. Ìbẹ̀rù nìkan kò lè mú kí oúnjẹ pẹ́ lórí àwo: bí ìjọba bá fẹ́ kí ọkà ìbílẹ̀ wúlò nígbà ìṣòro mìíràn, ẹ̀rọ ìpakà àti ẹ̀rọ ìlọ̀ gbọ́dọ̀ dé abúlé, iye owó ọkà náà gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ tó ohun tí tálákà lè rà, kí àwọn ọmọ sì ti mọ adùn rẹ̀ kí àìsàn tó dé.