Ohun Ìní ní Abúlé Àwọn Minangkabau

Àwọn Minangkabau jẹ́ àgbẹ̀ onírẹsì ní òkè ìwọ̀-oòrùn erékùṣù Sumatra, ní Indonésíà. Mùsùlùmí ni wọ́n, síbẹ̀ ọ̀dọ̀ ìyá ni wọ́n ti ń ka ìran. Oko ìrẹsì àti ilé ńlá ìdílé, rumah gadang, tí òrùlé rẹ̀ tẹ̀ bí ìwo ẹfọ̀n, a máa ti ọwọ́ ìyá bọ́ sí ọwọ́ àwọn ọmọbìnrin rẹ̀. Arákùnrin ìyá, tí wọ́n ń pè ní mamak, ni ó ń bójú tó wọn, ṣùgbọ́n kò lè tà wọ́n. Kódà fífi ilẹ̀ náà dógò, nítorí ohun mẹ́rin péré ni àṣà fi gbà á: òkú tí a kò rí owó sin, ọmọbìnrin tó ti dàgbà tí kò tíì ní ọkọ, ilé ìdílé tó ń jò, àti ìfijoyè olórí ìdílé. Ohun tí ènìyàn fi òógùn ara rẹ̀ kó jọ yàtọ̀ ní tirẹ̀. Ìlànà Ìsìláàmù ni wọ́n sábà máa fi ń pín in.

Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1960 ka àṣà sí, ṣùgbọ́n ó tún gbé ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ kalẹ̀. Níbẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀: bí ìwé ilẹ̀ bá jáde lórúkọ ẹnì kan ṣoṣo, onítọ̀hún lè ta ohun tí gbogbo ìdílé jọ ní.