Òdo àti Àìríkà: Ìsọdinọ́ńbà nínú Èdè C

1.0 Ìfáárà

Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ni Yorùbá ń lò fún iṣẹ́ méjì. A ń ka ìwé. A sì ń ka owó. Ẹni tí ó rí 45 tí a kọ sára ògiri, tí ó sì wí pé òun ti kà á, ti mọ àmì méjì tí a kọ, ó sì ti mọ iye tí wọ́n dúró fún, èyí tí í ṣe márùndínláàádọ́ta. Ọkàn ènìyàn ni ó so iṣẹ́ méjèèjì pọ̀ tí a kò fi fura sí ibi tí wọ́n ti pàdé. Kọ̀ǹpútà kò ní irú ọkàn bẹ́ẹ̀. Ní oríta yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ètò tí a fi èdè C kọ ti ń ṣìnà, ibẹ̀ náà sì ni olùkọ́ tí ó ń fi Yorùbá kọ́ni ti nílò ọ̀rọ̀ tí ó dá ṣáká.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó ṣe àlàyé bí a ṣe ń sọ ohun tí a kọ di nọ́ńbà odidi láìséwu, a ó sì dábàá àwọn ọ̀rọ̀ tí a lè lò fún un. Ọ̀kan nínú wọn, èyí tí a pè ní àìríkà, ni a kà sí pàtàkì jù lọ.

2.0 Àmì àti Iye

Àmì ni a ó máa pe ohunkóhun tí a lè tẹ̀ sínú ẹ̀rọ, ìbáà ṣe lẹ́tà, òǹkà, kọ́mà tàbí àlàfo. Àwọn àmì tí ó tò tẹ̀lé ara wọn ni ọ̀wọ́ àmì. Nínú èdè C, tí Dennis Ritchie dá sílẹ̀ ní Bell Laboratories ní nǹkan bí ọdún 1972, nọ́ńbà ni a fi ń dá àmì kọ̀ọ̀kan mọ̀, àmì aláìlójú kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 0 ni ó sì máa ń parí ọ̀wọ́. Nínú ètò ASCII, àmì 0 ni 48, àmì 4 ni 52, àmì 5 sì ni 53.

Nítorí náà, nígbà tí a bá tẹ 45, ohun tí ó wọlé ni 52 àti 53, kì í ṣe márùndínláàádọ́ta. Kí á tó lè rí iye rẹ̀, a ní láti yọ 48 kúrò lára ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó ku 4 àti 5. Lẹ́yìn náà, kí á sọ 4 di ìlọ́po mẹ́wàá, kí á sì fi 5 kún un. Iṣẹ́ yìí ni a pè ní ìsọdinọ́ńbà. A kò pè é ní ìtumọ̀, nítorí pé ìtumọ̀ a máa sọ ọ̀rọ̀ kan di ọ̀rọ̀ mìíràn. Níhìn-ín, ohun tí a kọ ni ó di iye.

3.0 Ìránṣẹ́ tí Kì í Jábọ̀ Tán

Apá ètò tí a ń pè kí ó ṣe iṣẹ́ kan, kí ó sì mú ìdáhùn padà wá, ni a dábàá pé kí á máa pè ní ìránṣẹ́. Ìdáhùn rẹ̀ ni èsì. Ìránṣẹ́ àtijọ́ kan wà fún ìsọdinọ́ńbà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ atoi. Ó wà nínú ìwé tí Kernighan àti Ritchie tẹ̀ jáde ní ọdún 1978, a sì ń lò ó títí di òní.

Bí a bá fún atoi ní 45, yóò mú 45 wá. Bí a bá fún un ní 1,250, yóò mú 1 wá, nítorí pé ó dúró níbi tí ó ti bá kọ́mà pàdé. Bí a bá fún un ní ₦500, yóò mú 0 wá. Bí a bá fún un ní ọ̀wọ́ tí kò ní àmì kankan nínú, 0 ni. Bí a bá sì fún un ní 0 gan-an, 0 náà ni. Kí olùkọ́ wo ìwé máàkì tirẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gba òdo àti akẹ́kọ̀ọ́ tí a kò tíì kọ máàkì rẹ̀ sílẹ̀ ti di ọ̀kan náà.

Ewu kejì ni ti iye tí ó tóbi jù. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òde òní, 2147483647 ni iye tí ó ga jù tí irú nọ́ńbà tí C ń pè ní int lè gbà. Bí iye bá ju agbára int lọ, òfin èdè C kò sọ ohun tí atoi yóò ṣe. Ẹni tí ó bá fi atoi ka nọ́ńbà fóònù Nàìjíríà, tí ó ní òǹkà mọ́kànlá, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti 080, ti kọjá ààlà yìí. Òdo iwájú rẹ̀ yóò sì sọnù pẹ̀lú. Irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe iye, a kì í fi í ṣe ìṣirò. Kí á fi í sílẹ̀ ní ọ̀wọ́ àmì ni ó yẹ.

4.0 Ìbéèrè Mẹ́rin

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìránṣẹ́ tí ó mọ ọ̀nà yìí ni strtol, tí ó wọ inú òfin èdè C tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọdún 1989. Ohun mẹ́ta ni ó ń lò láti fi jábọ̀: èsì, atọ́ka òpin, tí ó ń fi ibi tí kíkà dúró sí hàn, àti errno, tí a ó pè ní àkọsílẹ̀ àṣìṣe. Báyìí ni a ṣe ń rán an:

errno = 0;
esi = strtol(oro, &opin, 10);

A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi 0 sínú àkọsílẹ̀ àṣìṣe, nítorí pé ìránṣẹ́ inú àká C kì í pa àṣìṣe àtẹ̀yìnwá rẹ́. Lẹ́yìn èyí, a ó bèèrè ìbéèrè mẹ́rin.

Èkínní, ǹjẹ́ ó rí nọ́ńbà kà? Bí atọ́ka òpin bá ṣì wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́, àìríkà ni. Èsì yóò jẹ́ 0, ṣùgbọ́n kì í ṣe òdo.

Èkejì, ǹjẹ́ ó kà á dé òpin? Nínú 1,250, kọ́mà ni atọ́ka yóò nà sí. Àṣẹ́kù ni a pe ohun tí a kò kà.

Ẹ̀kẹta, ǹjẹ́ àkúnwọ́sílẹ̀ wà? Bí iye bá ju agbára long lọ, ERANGE ni yóò wà nínú àkọsílẹ̀ àṣìṣe, èsì yóò sì jẹ́ LONG_MAX tàbí LONG_MIN. A kò lè fi èsì nìkan mọ̀ ọ́n, nítorí pé ènìyàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ iye náà gan-an.

Ẹ̀kẹrin, ǹjẹ́ iye náà gba inú àpò tí a fẹ́ kó o sí? Lórí Linux oníbíìtì 64, bíìtì 64 ni long. Lórí Windows oníbíìtì 64, bíìtì 32 ni. Bí a bá fẹ́ fi èsì sínú int, kí á kọ́kọ́ fi í wé INT_MIN àti INT_MAX.

5.0 Ìdí Òǹkà

Nọ́ńbà 10 tí ó gbẹ̀yìn nínú iṣẹ́ tí a rán strtol ni ìdí òǹkà. Ó lè jẹ́ 2 títí dé 36. Ó sì lè jẹ́ 0, èyí tí ó ń sọ fún ìránṣẹ́ pé kí ó fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Ẹ ṣọ́ra fún un: bí a bá fi 0 síbẹ̀, strtol yóò fi ìdí mẹ́jọ ka 010, yóò sì mú 8 wá. Kí olùkọ́ máa kọ 10 síbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ó bá jẹ́ òǹkà ojoojúmọ́ ni ó ń retí.

Ìdí ogún náà ṣeé lò. Níbẹ̀, lẹ́tà a títí dé j ni ó dúró fún 10 títí dé 19, 1g sì jẹ́ 36: ogún kan àti mẹ́rìndínlógún. Síbẹ̀, kí á má ṣe pe èyí ní òǹkà Yorùbá. Lóòótọ́ orí ogún ni òǹkà wa dúró lé, ṣùgbọ́n àyọkúrò wà nínú rẹ̀: a yọ mẹ́rin kúrò nínú ogójì kí á tó pe 36 ní mẹ́rìndínlógójì. Strtol kò mọ àyọkúrò.

6.0 Àgbálọgbábọ̀

Àwọn kan lè wí pé òfo ti tó fún òdo àti àìríkà. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Òfo ni ibi tí kò sí nǹkan kan. Bí ẹnìkan bá tẹ Adé síbi tí a ti bèèrè ọjọ́ orí, ọ̀wọ́ náà kò ṣófo, síbẹ̀ kò sí nọ́ńbà tí a lè kà níbẹ̀. Òdo jẹ́ iye, a sì lè fi í ṣe ìṣirò. Àìríkà kì í ṣe iye rárá. Ìròyìn ni, pé a wá iye a kò rí i. Olùtumọ̀ tí ó bá fi ọ̀rọ̀ kan pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti gbin àṣìṣe atoi sínú orí akẹ́kọ̀ọ́ kí ó tó kọ ìlà ètò kan. A ń retí àbá àwọn olùkọ́ àti olùtumọ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, pàápàá láti inú kíláàsì tí a bá ti dán wọn wò.