Ẹmu Inú Ìgò Tí Kò Ní Bẹ́

Ẹmu tí adẹ́mu gbé sọ̀ kalẹ̀ láti orí ọ̀pẹ ní òwúrọ̀ a máa dùn. Ní ìrọ̀lẹ́ yóò ti máa le. Bí ó bá fi di ọjọ́ mélòó kan, kíkan ni yóò kan. Nítorí náà ni ẹlẹ́mu ṣe ń tà á ní ọ̀pọ̀ lọ́jọ́ tí ọjà bá kún, tí ó sì ń da èyí tí ó ṣẹ́kù nù. Àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àdánù yìí a máa rọ ẹmu sínú ìgò, wọn a sì dé e pinpin. Ewu wà nínú èyí.

Nínú omi ọ̀pẹ tuntun, ṣúgà tó nǹkan bí ìwọ̀n 10 sí 12 nínú 100. Ìwúkàrà tí ojú kò lè rí ni ó ń jẹ ṣúgà náà, tí ó ń sọ ọ́ di ọtí àti afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ yìí ni ó ń mú kí ẹmu máa hó nínú agbè. Ẹnu agbè ṣí sílẹ̀, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n nínú ìgò tí a dé, afẹ́fẹ́ kò rí ọ̀nà jáde, ìgò yóò sì bẹ́. Àfọ́kù rẹ̀ lè fọ́ ènìyàn lójú. Àwọn ẹlẹ́mu mọ èyí láìka ìwé: ẹ wo ìdérí kẹ́ẹ̀gì wọn, wọ́n ti fi ìṣó lu ú.

Ooru ni ó ń pa ìwúkàrà. Iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí a mọ̀ sí FIIRO, tí a dá sílẹ̀ ní 1956, tí ó wà ní Òṣòdì, ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí ọ̀ràn yìí. Ẹmu àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lò, nítorí pé iná kò lè sọ ẹmu kíkan di dídùn. Ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, ẹ rò ó nínú ìkòkò kí afẹ́fẹ́ rẹ̀ lè jáde, kí ẹ tó rọ ọ́ sínú ìgò bíà tí a ti fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀. Ìgò tí ó bá sán, ẹ má lò ó. Ike náà kò yẹ fún iṣẹ́ yìí. Ẹ fi àyè ìka mẹ́ta sílẹ̀ ní ọrùn ìgò, kí ẹ sì dé e.

Ẹ tẹ́ àpò sí ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù, ẹ to ìgò sí i, kí ẹ bu omi tútù dé ọrùn wọn. Ẹ má dé ìgò kan láàárín wọn. Inú rẹ̀ ni kí ẹ̀rọ ìwọn ooru wà, nítorí omi a máa gbóná ṣáájú ẹmu. Ẹ dáná díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì fi nǹkan bo dúrọ́ọ̀mù. Nígbà tí ẹmu inú ìgò yẹn bá dé ìwọ̀n 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ogójì ìṣẹ́jú, ẹ má sì jẹ́ kí omi hó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tutù nínú omi náà. Ìgò gbígbóná tí a bá gbé lé sìmẹ́ńtì tútù yóò sán.

Adùn rẹ̀ yóò yí padà díẹ̀. Ẹni tí ó mọ ẹmu yóò mọ̀. Ẹ tún gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà NAFDAC kí ẹ tó tà á fún ará ìta, èyí tí ẹgbẹ́ lè ṣe ju ẹnì kan lọ.

Nínú ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá sè é, ẹ fi ìgò méjì sínú àpótí onídèérí fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ fi àpò bò wọ́n kí ẹ tó ṣí wọn. Bí ẹmu bá tú jáde pẹ̀lú agbára, iná kò tó. Ẹ má ta ọ̀kankan nínú àwọn tí ẹ jọ sè.