Rìlì Tí Kò Ní Jíà: Bí A Ṣe Ń Yan Centrepin Olówó Pọ́ọ́kú

Bí oníbàárà bá béèrè centrepin ní ṣọ́ọ̀bù ohun èlò ìpẹja nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun kan náà ni òǹtajà sábà máa ń kọ́kọ́ ṣe. Á gbé rìlì náà lé àtẹ́lẹwọ́, á fi ìka kan ta kẹ̀kẹ́ rẹ̀, kẹ̀kẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Òǹtajà á máa sọ̀rọ̀ òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn, kẹ̀kẹ́ ò ní dúró. Ìṣẹ́jú kan á kọjá, ó ṣì ń yí. Nígbà yẹn, ọjà ti wọ oníbàárà lójú, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lápò. Òǹtajà kò parọ́, kẹ̀kẹ́ náà ń yí lóòótọ́. Àmọ́ ohun tó fi hàn án yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ kan iṣẹ́ tí rìlì náà fẹ́ lọ ṣe lójú odò.

Nínú gbogbo rìlì tí apẹja ń so mọ́ ọ̀pá, kò sí èyí tí ara rẹ̀ ṣe kedere tó centrepin. Kẹ̀kẹ́ kan ni, tí okùn wé mọ́. Kẹ̀kẹ́ yìí ń yí lórí ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó dúró láàárín àwo ẹ̀yìn, àwo ẹ̀yìn náà sì ní ẹsẹ̀ tí a fi ń dè é mọ́ ọ̀pá ìpẹja. Ọwọ́ kékeré méjì wà lójú kẹ̀kẹ́ fún kíká okùn. Ó parí. Kò sí jíà nínú rẹ̀: bí ọwọ́ bá yí i lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan náà ni kẹ̀kẹ́ yí.

Rìlì tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ lónìí kò rí bẹ́ẹ̀. Alfred Illingworth, ọkùnrin kan láti Bradford tí òwò aṣọ olówùú àgùntàn mọ́ lára, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ àṣẹ lórí irú rẹ̀ ní 1905. Nínú tirẹ̀, ibi tí okùn wé mọ́ kì í yí rárá nígbà tí a bá ju ìwọ̀. Okùn kàn ń yọ́ bọ́ láti etí rẹ̀ ni. Bí a bá wá ń ká a padà, jíà inú irú rẹ̀ tòde òní sábà máa ń sọ yíyí ọwọ́ kan di nǹkan bíi márùn-ún. Ó ń ju nǹkan jìnnà, ó ń ká a kíá, kì í sì í gba kí èèyàn kọ́ ọ pẹ́. Ó gba iṣẹ́ mọ́ centrepin lọ́wọ́ ní ibi púpọ̀, kò sì sí ẹni tó lè bá a jiyàn. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni kò rí gbà: rírán ìléfòó lọ sísàlẹ̀ odò tó ń ṣàn.

Iṣẹ́ ọ̀hún nìyí. Apẹja dúró létí odò, ó fi ìdin tàbí ekòló sẹ́nu ìwọ̀, ó fún òjé wẹ́wẹ́ mélòó kan mọ́ okùn, ìléfòó sì gbé gbogbo rẹ̀ ró lójú omi. Omi ń gbé e lọ, okùn ń tẹ̀ lé e, ìjẹ ń rìn nísàlẹ̀ bí oúnjẹ tí kò ní olówó. Ṣùgbọ́n omi òkè máa ń yára ju ti ìsàlẹ̀ lọ, nítorí òkúta, koríko àti iyanrìn ilẹ̀ odò ń fa omi ìsàlẹ̀ sẹ́yìn. Bí ìléfòó bá ń bá omi òkè sáré, ìjẹ tó ń wọ́ tẹ̀ lé e á yára ju gbogbo oúnjẹ tó kù nísàlẹ̀ lọ, ẹja á sì fura. Ìdí nìyẹn tí apẹja fi ń fi àtàǹpàkò kan etí kẹ̀kẹ́ fẹ́rẹ́, kí ìléfòó lè falẹ̀ díẹ̀, kí ìjẹ sì ṣíwájú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹja. Bí ó bá fún àtàǹpàkò mọ́ ọn pátápátá fún ìṣẹ́jú àáyá kan, omi á ti ìjẹ gbéra nílẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ẹja bíi grayling àti chub sábà máa ń gbé e mì.

Nínú gbogbo èyí, ta ló ń yí kẹ̀kẹ́? Odò ni, kì í ṣe apẹja. Agbára tó sì ń lò kò ju bí omi ṣe ń fa ìléfòó tó wọn gíráàmù mélòó kan lọ. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹni tó ń ra rìlì béèrè ni pé: ṣé agbára kékeré yìí lè gbé kẹ̀kẹ́ kúrò lójú kan?

Ọ̀rọ̀ yìí ti wà tipẹ́. Létí odò Trent, ní Nottingham, ni ọgbọ́n ìpẹja yìí ti gbilẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, pẹ̀lú rìlì onígi tí wọ́n ń pe orúkọ ìlú náà mọ́. Igi máa ń fa omi, ó sì ń wú. Kẹ̀kẹ́ tó yí dáadáa láàárọ̀ lè dì gbagidi bí òjò bá ti pa á. Henry Coxon, apẹja kan níbẹ̀, ló wá ro ti kẹ̀kẹ́ tí inú rẹ̀ ṣófo, tí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ so etí rẹ̀ mọ́ àárín bíi ti básíkù. Ilé iṣẹ́ Allcock ní Redditch, ìlú tí òkìkí abẹ́rẹ́ àti ìwọ̀ rẹ̀ kàn, ló ṣe é tà ní òpin ọ̀rúndún náà, wọ́n sì pe é ní Aerial. Coxon kò wá bí kẹ̀kẹ́ á ṣe pẹ́ ní yíyí. Bí á ṣe fúyẹ́ ló wá.

Ìdí rẹ̀ kò le. Kẹ̀kẹ́ tó wúwo létí ń yí pẹ́ nítorí pé ìwúwo náà ń tọ́jú agbára tí ìka fún un. Òkòtò ni, ìka ti ta á, ó sì kù kó máa jó. Létí odò, kò sí ìka tó máa ta á. Omi ní láti bá ìwúwo yẹn wọ̀yá ìjà kó tó gbéra, ìléfòó á sì máa kọsẹ̀ lójú omi, á lọ, á dúró, á tún lọ. Èyí tó burú jù ṣì kù. Bí ẹja bá gbé ìjẹ, tí ìléfòó dúró lójijì, kẹ̀kẹ́ wúwo kò gbọ́. Ó ṣì ń da okùn sílẹ̀. Okùn á lọ́ pọ̀ mọ́ ara wọn, ẹja á sì ti tu ìjẹ dànù kí apẹja tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó mú okùn díẹ̀ àti òjé kékeré lọ sí ṣọ́ọ̀bù, irú òjé tí òun yóò lò lábẹ́ ìléfòó gan-an. Kó so ó mọ́ kẹ̀kẹ́, kó di kẹ̀kẹ́ mú, kó sì rọra tú u sílẹ̀. Bí òjé bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni tì í, rìlì náà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Kó tún un ṣe níbi mẹ́rin tàbí márùn-ún lára kẹ̀kẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ojú kan náà ló ń dúró sí ní gbogbo ìgbà, apá kan wúwo ju èkejì lọ. Bí omi bá sì lọ́ra, ibẹ̀ náà ni ìléfòó yóò ti máa kọsẹ̀. Òǹtajà tó bá kọ̀ kí wọ́n dán rìlì wò báyìí ti dáhùn ìbéèrè.

Wọ́n á sọ fún oníbàárà pé centrepin gidi kì í lo bíárìn, pé orí ọ̀pá irin nìkan ló ń yí. Òótọ́ díẹ̀ wà ńbẹ̀. Ọ̀pá irin tí wọ́n gbẹ́ dáadáa, tó wọ inú idẹ àárín kẹ̀kẹ́ láìfún jù, láìdẹ̀ jù, ń yí wẹ́rẹ́ láìdún, kò sì sí ohun púpọ̀ níbẹ̀ tó lè bàjẹ́. Ṣùgbọ́n irú gbígbẹ́ bẹ́ẹ̀ gba ọwọ́ tó dá múṣémúṣé àti ẹ̀rọ tó péye, owó ńlá sì ni. Bí olówó pọ́ọ́kú bá ní òun náà ṣe é, gbígbọ̀n ló sábà máa ń dà. Bíárìn ní tirẹ̀ ti péye kó tó kúrò nílé iṣẹ́ tó ṣe é, kò sì wọ́n. Ní ìwọ̀n owó tí à ń sọ yìí, bíárìn méjì dára ju ọ̀pá irin tí wọ́n kánjú gbẹ́ lọ.

Kí nọ́ńbà ABEC tí wọ́n kọ sára páálí má ṣe tan ẹnikẹ́ni jẹ. Nọ́ńbà náà ń sọ bí wọ́n ṣe wọn bíárìn péye tó. Kò sọ bí á ṣe yára gbéra. Gíríìsì tí wọ́n rọ sínú rẹ̀ ló ń dí púpọ̀ nínú wọn lọ́wọ́, torí ó dára fún mọ́tò, ó sì nípọn jù fún ìléfòó. Ẹni tó bá yọ bíárìn náà, tó fi epo láítà fọ̀ ọ́ níta gbangba tí iná kò sí, tó jẹ́ kó gbẹ, tó wá kán epo ẹ̀rọ ìránṣọ ẹyọ kan sí i, lè má dá rìlì náà mọ̀ mọ́. Àtúnṣe tó wọ́n ju epo láítà kan lọ kò pọ̀ lára irú rìlì yìí.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀ lórí bí ó ṣe yẹ kó tóbi tó. Kẹ̀kẹ́ tí ìbú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 4 ń ká nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 32 nígbà kan tó bá yí, bí okùn bá súnmọ́ etí rẹ̀. Bí ìléfòó bá ti lọ mítà 20, ọwọ́ ní láti yí i ju ìgbà 60 lọ kó tó dé. Ti íǹṣì 3, ó ju ìgbà 80 lọ, ó sì máa ń súni. Àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n lò kì í tilẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n ń fi ìka mẹ́rin gbá etí kẹ̀kẹ́ ni. Ní Ontario àti Michigan, níbi tí wọ́n ti ń fi centrepin pẹja steelhead nínú àwọn odò tó ń ṣàn wọ Adágún Ńlá, íǹṣì 4.5 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n fẹ́ràn, torí odò wọn fẹ̀, ìléfòó wọn sì wúwo. Fún odò kékeré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, íǹṣì 4 tó.

Tó bá wá kan owó, àwọn tuntun kan wà ní Britain tí kò tó pọ́n-ùn 100. Ilé iṣẹ́ Okuma ti Taiwan wà lára àwọn tó sọ irú rìlì yìí di ohun tí mẹ̀kúnnù lè rà. Àwọn tí wọ́n fọwọ́ ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan ń gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún pọ́n-ùn. Púpọ̀ nínú ìyàtọ̀ owó náà, dídán àti orúkọ ni, ẹja kì í sì í ka orúkọ. Ohun tí kò yẹ kí olówó díẹ̀ fojú fò ni àlàfo tó wà láàárín kẹ̀kẹ́ àti àwo ẹ̀yìn. Kó gbìyànjú láti fi okùn tí òun yóò lò há síbẹ̀. Bí okùn bá wọlé wẹ́rẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù, yóò wọlé létí odò nígbà tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ tí ọwọ́ sì ti tutù. Wáyà ìdènà tó ń tọ́ okùn sọ́nà ṣe pàtàkì fún ìdí yìí kan náà. Kó tún wo ìkọ́ ìdádúró tó ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́: ohun tó wà fún ni kí kẹ̀kẹ́ má yí nígbà tí apẹja bá gbé ọ̀pá rìn. Bíréèkì aláyípo tí wọ́n ń so mọ́ àwọn kan, kò pọn dandan. Àtàǹpàkò wà.

Ọ̀nà kejì ni àlòkù. Aerial àtijọ́ ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jọ, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n J.W. Young, tí òun náà wà ní Redditch, ṣe Rapidex àti Trudex fún apẹja lásán, ọ̀pọ̀ wọn ṣì ń ṣiṣẹ́. Kí ẹni tó bá rí ọ̀kan di etí kẹ̀kẹ́ mú, kó mì í síwá sẹ́yìn. Ó yẹ kó mì díẹ̀ kíún. Bí ó bá ń lu kòkòkò, ọ̀pá àárín ti jẹ tàbí ó ti tẹ̀, kó dá a padà. Bí kẹ̀kẹ́ bá sì le tí kò fẹ́ yí, kó má tíì kọ̀ ọ́. Ó lè jẹ́ pé gíríìsì ọdún gbọ́nrangbọ́nran ló dì mọ́ inú rẹ̀ bí oje igi, òǹtajà tí kò mọ̀ á sì ti tìtorí ẹ̀ dín owó rẹ̀.

Jíjù ni wàhálà centrepin, kò sì sí irọ́ níbẹ̀. Ọ̀nà ìju tí wọ́n fi orúkọ F.W.K. Wallis ti Nottingham pè, níbi tí kẹ̀kẹ́ ti ń yí bí ìwọ̀ ti ń fò lọ, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kọ́ lọ́sẹ̀ kan. Àwọn kan ń da okùn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́, èyí sì máa ń lọ́ okùn. Ní Brisbane, ilé iṣẹ́ Alvey, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1920, sọ ọ̀nà yìí di odindi rìlì: apẹja á yí kẹ̀kẹ́ kọjú síwájú láti jù, á sì dá a padà láti ká. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kó fa okùn díẹ̀ sílẹ̀ láàárín àwọn òrùka ọ̀pá, kó sì rọra fi ìléfòó sọ̀kò síwájú. Mítà mẹ́fà tàbí méje tó, odò á gbé ìyókù lọ. Kò tilẹ̀ nílò ju mítà 100 okùn lọ, èyí tó lè gbé pọ́n-ùn 4 sí 6. Bí okùn bá kún jù, èyí tó wà lókè á rì sáàárín ti ìsàlẹ̀, á sì há.

Ní England, ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ọdún 13 gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ọ̀pá ìpẹja, wọn kì í sì í pa irú ẹja tí à ń sọ yìí nínú odò láti 15 March sí 15 June. Àsìkò yẹn tó láti fọ bíárìn. Nígbà tí odò bá wá ṣí ní 16 June, kí ẹni tó ra olówó pọ́ọ́kú má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìléfòó gíráàmù 1 tí àwọn àgbà ń lò lórí omi jẹ́jẹ́. Kó wá ibi tí omi ti ń ṣàn geere, kó lo ti gíráàmù 4 tàbí 5, tí omi lè dì mú dáadáa. Rìlì tó lọ́ra fún ìléfòó kékeré lè tẹ̀ lé èyí láìkọsẹ̀, bí bíárìn rẹ̀ sì ṣe ń là sí i, kó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.