Ta Ló Ṣáájú?

Bíbélì kíkà: Mátíù 20:1-16

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń lò lójoojúmọ́: ṣáájú. Ẹni tó ṣáájú wa dáyé ni ẹ̀gbọ́n wa. Ìyàwó tó ṣáájú wọlé ni ìyáálé. Ní àwọn ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà pẹ̀lú, bí àríyànjiyàn bá dé, ẹ ó gbọ́ pé, "Mo ṣáájú rẹ débí!"

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà ti ọdún 1974 sọ pé bí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ dín òṣìṣẹ́ tó pọ̀ jù kù, ẹni tó dé kẹ́yìn ni kó kọ́kọ́ lọ, bí a ó tilẹ̀ wo ìmọ̀ iṣẹ́ àti ìwà kálukú. Ó dára bẹ́ẹ̀. Kò yẹ kí a ti ẹni tó ti lo ogún ọdún nídìí ẹ̀rọ jáde nítorí ẹni àná.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àkàwé Jésù. Baálé kan gba alágbàṣe sí ọgbà àjàrà rẹ̀, àwọn kan ní kùtùkùtù, àwọn kan nígbà tó ku wákàtí kan kí iṣẹ́ parí. Àwọn ìkẹyìn wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀lẹ. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó gbà wọ́n síṣẹ́ ni. Ẹni tó bá ti dúró lẹ́nu géètì rí láti àárọ̀ mọ bí ìyẹn ti ń dunni tó. Nígbà tí owó yá, àwọn ni baálé kọ́kọ́ san tiwọn, iye kan náà ló sì fún gbogbo wọn. Àwọn tó ṣáájú bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Bẹ́ẹ̀, kò yọ kọ́bọ̀ nínú àdéhùn wọn! Inúure tí a ṣe fún ẹlòmíràn ló dùn wọ́n.

Àwọn baba wa pàápàá mọ̀ pé ṣíṣáájú kì í ṣe ipò ọlá lásán. Táíwò ló ń kọ́kọ́ jáde, síbẹ̀ Kẹ́hìndé là ń pè ní ẹ̀gbọ́n, nítorí a ní òun ló rán Táíwò pé kó lọ tọ́ ayé wò. Ẹni tó ṣáájú, ìránṣẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Olúwa wa kọ́ àwọn àpọ́sítélì.

Ní Agége, Jacob Kẹ́hìndé Coker, ọ̀kan nínú àwọn tó dá African Church sílẹ̀ ní 1901, gbin kòkó. Àwọn alágbàṣe tó wá láti ìlú òkè kọ́ iṣẹ́ náà níbẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sílé. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ní ó kẹ́yìn dé ló di aṣáájú, nítorí ó la ọ̀nà sílẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ní 2008, Dunlop dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà. Ẹni tó ti pẹ́ níbẹ̀ àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Kí ló kù tí a ó fi máa ṣe fáàrí pé a ṣáájú?

Ẹ̀yin tí ẹ ṣáájú níbi iṣẹ́ tàbí nínú ìjọ, bí ẹni tuntun bá dé lọ́la, ẹ fi ibi tí ẹ̀rọ ti ń géni lọ́wọ́ hàn án. Ẹ má dúró dìgbà tó bá fara pa.

Kí Olúwa sọ wá di aṣáájú tí ará ẹ̀yìn yóò dúpẹ́ pé a ṣáájú. Àmín.