Ṣé o mọ̀? Ìdí ìbọn ni súkúrúù gbà wọ Jàpáànì

Àwọn alágbẹ̀dẹ Jàpáànì, tí òkìkí idà wọn kàn káàkiri, kò mọ súkúrúù títí ìbọn fi dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ọdún 1543 ni àwọn Potogí gbé ìbọn tí wọ́n ń ki ẹ̀tù sí lẹ́nu, irú ṣakabùlà tiwa, dé erékùṣù Tanegashima. Tokitaka, olórí ibẹ̀, ra méjì, ó sì ní kí àwọn alágbẹ̀dẹ rẹ̀ rọ irú rẹ̀. Ọ̀pá kò ni wọ́n lára. Ìdí ọ̀pá ló di wàhálà: báwo ni wọn yóò ṣe dí i pa tí iná ẹ̀tù kò fi ní tú sí ẹni tó ń yìnbọn lójú? Ọdún kejì ni alágbẹ̀dẹ Potogí kan tó dé, tó fi hàn wọ́n pé ńṣe ni wọ́n ń lọ́ irin ìdí náà wọlé, ìyẹn súkúrúù.

Ó tún ṣeé tú, ìyẹn sì ṣe pàtàkì. Eérú ẹ̀tù máa ń fa omi mọ́ra, á sì jẹ́ kí irin dípẹtà, nítorí náà wọ́n ní láti máa tú ìdí ọ̀pá kí wọ́n lè nu inú rẹ̀.

Ìbọn MK-85 tí Tony Knight gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1985 ṣì ń lo irin alọ́wọlé yìí: tú u, wàá rí ìmọ́lẹ̀ láti ìdí ọ̀pá dé ẹnu rẹ̀.