Dídá Orísun Ìtànṣán-X Tí Kò Tàn Púpọ̀ Mọ̀ Nínú Ìṣùpọ̀ Ìràwọ̀: Àpẹẹrẹ 47 Tucanae

Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé nínú pépà yìí ni bí àwọn onímọ̀ ṣe ń mọ ìràwọ̀ tí ìtànṣán-X ti ń jáde nínú ìṣùpọ̀ ìràwọ̀. Ẹni tí ó bá dúró lórí òkè ní Ọ̀kà Àkókó ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá alẹ́, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, tí ó kọjú sí gúúsù gan-an, lè fi awò olójú méjì rí ohun kan bí èéfín funfun ní ìsàlẹ̀ ojú ọ̀run, bí ojú ọjọ́ bá mọ́. 47 Tucanae ni. Ìràwọ̀ inú rẹ̀ tó nǹkan bí mílíọ̀nù kan. Ìmọ́lẹ̀ wọn sì ń lo nǹkan bí ọdún 15,000 lójú ọ̀nà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Díẹ̀ nínú wọn ń tú ìtànṣán-X jáde, irú èyí tí a fi ń ya àwòrán eegun ní ilé ìwòsàn. Afẹ́fẹ́ tí ó yí ayé ká kì í jẹ́ kí ó dé ilẹ̀, nítorí náà òkè afẹ́fẹ́ ni a ní láti gbé ẹ̀rọ tí yóò rí i lọ. Chandra ti Amẹ́ríkà gbéra ní ọdún 1999; nínú àbájáde tí Grindlay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2001, orísun 108 ni wọ́n kà ní àárín ìṣùpọ̀ náà.

Ṣùgbọ́n kíkà yàtọ̀ sí dídámọ̀. Bí ẹnìkan bá kígbe láàárín ọjà Ìkàrẹ́ ní ọjọ́ ọjà, a lè mọ ìhà tí ohùn ti wá, kí a má mọ ẹni tí ó kígbe. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àmì kan nínú àwòrán Chandra lè bá ìràwọ̀ púpọ̀ mu nínú àwòrán Hubble. Wọn a kọ́kọ́ wá orísun díẹ̀ tí ó dájú nínú àwòrán méjèèjì, wọn a fi ìwọ̀nyí mú wọn bára dọ́gba. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò wá ìràwọ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ ṣàjèjì, tàbí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń pọ̀ tí ó tún ń dín. Méjì tí ń yí ara wọn po ni irú wọn sábà máa ń jẹ́.

Síbẹ̀, a lè ṣì wọ́n mọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ka X9 sí aràrá funfun, ìyẹn òkú ìràwọ̀ tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ayé wa lọ, tí ń fa èròjà ara ẹnìkejì rẹ̀ mu. Ní ọdún 2015, Miller-Jones àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ìtànṣán rédíò rẹ̀ pọ̀ ju ti aràrá funfun lọ. Ní ọdún 2017, Bahramian àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ pé ó jọ pé ìṣẹ́jú 28 péré ni àwọn méjèèjì fi ń yí ara wọn po lẹ́ẹ̀kan. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ihò dúdú (orúkọ yìí kò tẹ́ wa lọ́rùn, nítorí kì í ṣe ihò rárá), ṣùgbọ́n a kò tíì lè fagi lé ìràwọ̀ níútírọ́ọ̀nù. Èrò àtijọ́ ni pé irú ìṣùpọ̀ báyìí yóò ti ta gbogbo ihò dúdú rẹ̀ dànù. Bí X9 bá jẹ́ ọ̀kan, a ní láti tún èrò náà yẹ̀ wò.